Owó pàjáwìrì ìdílé ní Kàbbà: èwo ló yẹ kó wà ní báǹkì, èwo ló yẹ kó wà lọ́wọ́ alájọ?

Aránṣọ Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan ní Kàbbà níbí. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, aya ń ránṣọ. Oṣù tó bá dáa, nǹkan bíi 150,000 naira ló ń wọlé. Àmọ́ owó oṣù lè pẹ́, aṣọ rírán náà sì máa ń dákẹ́ lẹ́yìn Kérésì títí Ọdún Àjíǹde á fi kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Owó tó wà nílẹ̀ báyìí: 60,000 nínú àkáǹtì ìfowópamọ́, àjọ ojoojúmọ́ 500 naira lọ́wọ́ alájọ, àti 90,000 nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ọkọ. Báǹkì microfinance kan tún wá fi 200,000 lọ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n san án láàárín oṣù mẹ́fà, "èlé márùn-ún péré".

Tí àìsàn bá dé lóru, tàbí tí owó oṣù ò wọlé fún oṣù méjì, èwo nínú àwọn owó yìí ló máa jáde ní tòótọ́? Ṣé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí báǹkì ni? Ṣé kí wọ́n fi owó yíyá yẹn ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye owó dáhùn. Ẹ má kàn sọ pé "ẹ máa tọ́jú owó". A ti ń gbọ́ ìyẹn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Káńtà Lọ́kọ́jà

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Ìbéèrè yín dáa, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè ni ibi tó ní ààbò jù. Ẹ̀yin béèrè èyí tó máa jáde.

Ẹ kọ́kọ́ ya ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀ sọ́tọ̀: oúnjẹ, gáàsì tàbí èédú, iná, ọkọ̀, oògùn, dátà díẹ̀. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 80,000 lóṣù. Ohun tí à ń lé ni oṣù mẹ́ta, ìyẹn 240,000. Ó jìnnà lójú, àmọ́ ẹ wò ó: 60,000 ti wà nílẹ̀, àjọ 500 lóòjọ́ sì ń mú 15,000 wá lóṣù. Oṣù méjìlá 15,000 jẹ́ 180,000. Ọdún kan gééré ni, tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá pín in bó ṣe yẹ kó yá tó láti jáde. Owó ilé jẹ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, 15,000 sí 20,000, kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 àti 500 naira, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún fún yín. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yí owó padà tí ti tuntun ò sì tó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó rántí pé owó kún inú àkáǹtì àwọn èèyàn nígbà yẹn. Wọn ò rí i gbà jáde ni. Ó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ju ìyẹn lọ sílé. Olè wà, iná wà, àna tó ń yá owó náà wà.

Èyí tó kù nínú owó oṣù méjì àkọ́kọ́ ni kó wà ní báǹkì, nínú àkáǹtì tó yàtọ̀ sí èyí tí owó oníbàárà ń wọ̀. CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ní kí èlé tí báǹkì máa san lórí owó ìfowópamọ́ má dín sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti MPR, òṣùwọ̀n èlé tí òun fúnra rẹ̀ ń kéde. Tí MPR bá wà ní 27%, ó di 8.1% lọ́dún, bíi 400 naira lóṣù lórí 60,000 yín. Kò pọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gba owó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan, kódà 400 yẹn lè lọ. Ìdí nìyí tí àkáǹtì tí ẹ fi ń ra káàdì ìpè lójoojúmọ́ ò fi ní mú èlé kankan wá láé.

Nípa ààbò: láti oṣù karùn-ún 2024, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó oníbàárà padà tí báǹkì bá wó, ń ṣe onídùúró owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan dé 5,000,000 naira ní báǹkì ńlá, 2,000,000 ní microfinance. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún yẹn, BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì tí oníbàárà ní ní báǹkì mìíràn, ibẹ̀ ló sì san owó sí. Ẹni tí kò ní àkáǹtì mìíràn, tàbí tí kò ní BVN, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ẹ ní àkáǹtì méjì, ní báǹkì méjì, kí èkejì tilẹ̀ máa ní 2,000 péré nínú.

Àṣìṣe tí à ń rí jù lórí káńtà: àkáǹtì ìpele àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣí láìmú ẹ̀rí àdírẹ́sì wá. Owó inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 300,000. Ẹ̀gbọ́n ní Èkó á fi owó ilé ìwòsàn ránṣẹ́, kò ní wọlé, tàbí kó wọlé kó má ṣeé gbà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, NIN, àti ìwé iná tàbí omi tó ní àdírẹ́sì lọ, kí wọ́n gbé e sókè *kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀*. Ẹ tún wo orúkọ: tí ti NIN bá jẹ́ "Olúwaṣeun" tí ti BVN jẹ́ "Ṣeun", tàbí tí ọjọ́ ìbí ò bára mu, wọ́n lè ti àkáǹtì náà mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Owó oṣù tó ṣìkẹta, èyí tí kò kánjú, ẹ lè fi ra FGN Savings Bond, ìyẹn ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, lọ́dọ̀ DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, nípasẹ̀ báǹkì tàbí oníṣòwò ìpín. 5,000 naira ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa fi ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lé e. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé sì ń wọ àkáǹtì yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àmọ́ ẹ má kà á mọ́ owó tó máa jáde lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé tà kó tó pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe lóru ọjọ́ tí ọmọ ń gbọ̀n.

Akápò Ẹgbẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Káńtà lórí púpọ̀, àyàfi ibi kan. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi pé owó tó bá ti wọ báǹkì ti jókòó. Owó tí káàdì ATM rẹ̀ wà nínú àpò máa ń rìn. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń san owó fún alájọ láti bá wọn pa owó mọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò mọ ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ náà. 500 fún ọjọ́ 31 jẹ́ 15,500. Alájọ mú ọjọ́ kan, 500, ó fún yín ní 15,000. Ó lé díẹ̀ ní 3% lóṣù, 6,000 lọ́dún. Owó iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, ẹ sì lè san án tinútinú tí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń rà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé alájọ kì í fi owó yẹn jókòó. Púpọ̀ nínú wọn ń yá oníṣòwò, wọ́n sì ń retí kó padà kó tó di ìparí oṣù. Ọjọ́ tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá jẹ́ gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé "ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà". Ẹ wo káàdì yín: ṣé ọwọ́ yín ló ń sùn, àbí ọwọ́ rẹ̀? Ṣé ojú kan ni wọ́n ń sàmì sí fún ọjọ́ kan, àbí wọ́n ń fi ìlà kan gba ọjọ́ mẹ́rin kọjá? Ṣé bírò kan náà ni, àbí àmì tuntun ti gun orí ti àtijọ́? Ẹ máa gba owó yín lópin oṣù gan-an, kí ẹ sì gbé e lọ sí báǹkì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. NDIC kò mọ alájọ, kò sì mọ ẹgbẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí 90,000 tó wà nínú ẹgbẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó pàjáwìrì pátápátá. Owó ìpín àti owó ìfipamọ́ ẹgbẹ́ kì í sábà jáde àfi tí èèyàn bá ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́ sì sábà máa ń béèrè ìkìlọ̀ oṣù kan sí mẹ́ta. Agbára rẹ̀ wà níbòmíràn: ó ń jẹ́ kí ẹ yá ìlọ́po méjì. 90,000 lè gbé 180,000 wá. Tí ẹgbẹ́ yín bá ń gba 10% lẹ́ẹ̀kan lórí gbogbo rẹ̀, 18,000 ni èlé. Ẹ pín 198,000 sí oṣù mẹ́wàá, 19,800 lóṣù. Kó tó di pé ẹ fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ microfinance yẹn, ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ níbí: àkọ́kọ́, ìlà gùn, ẹ lè dúró oṣù méjì kó tó kàn yín. Èkejì, inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tí owó oṣù bá wọlé ní ààbọ̀, ohun tí wọ́n yọ lè má dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ìwé yín á sì máa fi hàn pé ẹ jẹ gbèsè. Ẹ máa pa ìwé owó oṣù mọ́, kí ẹ sì fi wé ìwé ẹgbẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, onídùúró. Ẹni tí ẹ bá fọwọ́ síwèé fún, owó yín ni wọ́n máa mú tó bá sá lọ. Ẹ má ṣe onídùúró fún ju ẹni kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìjùmú

Ọ̀rọ̀ "èlé márùn-ún péré" ni mo fẹ́ gbà sọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan: *flat*. Tó bá wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. 5% ti 200,000 jẹ́ 10,000 lóṣù. Ìlọ́po mẹ́fà, 60,000. Ẹ fi kún 200,000, ó di 260,000. Ẹ pín in sí mẹ́fà, 43,334 lóṣù. Ohun tó fara sin ni pé lóṣù kẹfà, gbèsè tó kù lọ́rùn yín ò ju bíi 33,000 lọ nínú owó tí ẹ yá, síbẹ̀ ẹ ṣì ń san 10,000 èlé bíi pé 200,000 ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ *reducing balance*, tí èlé ń dín bí gbèsè ṣe ń dín, 5% kan náà á jẹ́ 39,400 lóṣù, gbogbo èlé rẹ̀ á sì jẹ́ bíi 36,400. Ìyàtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fà á. Lédè mìíràn, "márùn-ún" flat yẹn jẹ́ mẹ́jọ lóṣù ní tòótọ́.

Kò parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ mú 10% dání bí owó ìfipamọ́ dandan, wọ́n sì tún ń gba owó fọ́ọ̀mù. Tí fọ́ọ̀mù bá jẹ́ 2%, 176,000 ló máa dé ọwọ́ yín, orí 200,000 ni ẹ ó sì ti máa san èlé. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀: èló gan-an ló máa wọ àkáǹtì mi? Èló ni gbogbo ohun tí màá san títí á fi tán? Tí mo bá san án tán lóṣù kẹta, ṣé èlé tó kù á lọ? Ọ̀kan wà tí àwọn èèyàn kì í béèrè: ṣé GSI wà nínú ìwé yìí? Òun ni àṣẹ tí CBN ti fọwọ́ sí láti ọdún 2020, pé tí èèyàn ò bá san gbèsè, ẹni tó yá a lówó lè fi BVN rẹ̀ mú owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Ẹni tó rò pé owó pàjáwìrì òun fara pamọ́ sí báǹkì kejì lè jí lówùúrọ̀ kó bá òfìfo.

Ẹ tún wo orúkọ báǹkì náà lórí ìtàkùn CBN kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ní 2023, microfinance 132 ni CBN gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ? Ó lè dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní oṣù kọkànlá tàbí kejìlá. Tí ẹ bá yá a nígbà yẹn, oṣù tí aṣọ dákẹ́ ni ẹ ó máa san 43,000. Ẹ yá a ní oṣù karùn-ún tàbí kẹfà, kí sísan rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí aṣọ ilé ìwé oṣù kẹsàn-án àti aṣọ Kérésì ń wọlé, kó sì tán kí ọdún tó yí. Àti pé, kí ẹ̀rọ oníná tó wúlò, iná gbọ́dọ̀ wà. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló máa gbé e, ẹ fi owó epo sínú ìṣirò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tó dáa pẹ̀lú ẹni kan tó ń kọ́ṣẹ́ lè mú owó wọlé ju oníná tó dákẹ́ lọ.

Ìyá Elélùbọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó. Oúnjẹ náà owó ni. Nínú 80,000 yẹn, ìdajì ó kéré tán lọ sínú ìkòkò. Ẹ ra ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́ oṣù méjì nígbà ìkórè, nígbà tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀wà ló ń bàjẹ́ jù nítorí kòkòrò. Ẹ wá àpò onípele mẹ́ta, kí ẹ so ọ̀rá inú méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Kòkòrò inú rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan. Kí ẹ tó dì í, ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kí ẹ mì ín. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ tún sá a. Ẹ jọ̀ọ́, òtapiapia kọ́ o! Èèyàn ló ń pa.

Oní-POS Ìyàrà

Ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo kàn fẹ́ sọ nípa owó kéékèèké tí kò sí nínú ìṣirò yín. Lọ́dọ̀ wa, 100 naira lórí 5,000 wọ́pọ̀. Ẹni tó ń gba 5,000 lẹ́ẹ̀mẹjọ lóṣù ti san 800. Tó bá lọ sí ATM báǹkì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni. Ti báǹkì mìíràn, láti oṣù kẹta 2025, 100 naira lórí 20,000, tí ẹ̀rọ náà bá sì wà níta ọgbà báǹkì wọ́n lè fi tó 500 lé e. Ẹ tún mọ̀ pé CBN ò gbà kí oníbàárà kan gbà ju 100,000 lọ lóòjọ́ lọ́dọ̀ oní-POS. Tí ilé ìwòsàn bá ń béèrè 180,000, ẹ má retí pé ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ti máa jáde. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé ìwòsàn tààrà.

Tí owó bá kúrò nínú àkáǹtì tí kò sì dé ọwọ́ yín, ẹ má bá oní-POS jà. Ẹ gba bébà tó jáde nínú ẹ̀rọ, kódà tó bá kọ "declined". Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni báǹkì máa fi wá a. Báǹkì tó ni káàdì yín ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe báǹkì tó ni ẹ̀rọ. Ìlànà CBN láti 2020: ATM báǹkì yín fúnra wọn, kó padà lójú ẹsẹ̀ tàbí láàárín wákàtí 24, ATM báǹkì mìíràn, wákàtí 48, POS, wákàtí 72. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹ ò tíì fẹjọ́ sùn. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Aránṣọ Kàbbà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rí ìjà owó. Microfinance yẹn á dúró ná, ìwé wọn kọ *flat* lóòótọ́. Ìbéèrè kan kù: orúkọ ọkọ ni àkáǹtì 60,000 yẹn wà, aya ló wà ní *next of kin*. Ṣé ìyẹn tó?

Káńtà Lọ́kọ́jà

Kò tó o. *Next of kin* jẹ́ orúkọ ẹni tí báǹkì máa pè, kì í ṣe ẹni tó máa gba owó. Tí oní-nǹkan bá kú, tí báǹkì sì mọ̀, àkáǹtì á tì. Ohun tó ń ṣí i ni ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń yan ẹni tó máa bójú tó ogún, *letter of administration*, tàbí ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí. Wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, onídùúró àti àkọsílẹ̀ iye tó wà nínú àkáǹtì, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Àwọn àgbà ẹbí lè jókòó nílé pín ilẹ̀ àti oko káṣú, ṣùgbọ́n báǹkì ò ní fi ẹnu àgbà sanwó.

Ohun tó rọrùn ni kí aya ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ìdajì owó pàjáwìrì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ àkáǹtì àjọni (*joint account*), ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan nínú yín tó láti gbà á, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tí ọ̀kan bá kú, torí báǹkì ò ṣe é bákan náà.

Ẹ tún fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ti síìmù, kì í ṣe fóònù nìkan. Olè tó bá yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀ lè fi kóòdù báǹkì kó owó kí ilẹ̀ tó mọ́. Kóòdù tí ẹ lè fi ti àkáǹtì láti orí fóònù ẹlòmíràn wà, báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.